Windows àti Linux Nínú Kọ̀ǹpútà Kan: Bí A Ṣe Ń Pín Hard Disk Láìba Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀ Jẹ́

Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ló ń tẹ̀lé mi káàkiri Olympia Fields níbí, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin Metra tó ń gbé wa lọ sí Millennium Station, ìbáà jẹ́ níbi ìkómọjáde: "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà mi ò gba Windows 11. Ṣé kí n jù ú nù ni, àbí kí n kó o sínú dúróòmù, kó máa lọ sílé?"

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì o. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni ìwé owó gbogbo èèyàn wà báyìí, tipátipá ni mo fi kọ́ ọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ọ̀nà kẹta wà. Ẹ pín hard disk yẹn, kí Windows yín wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, á bi yín pé èwo lẹ fẹ́ lò lónìí. Dual boot ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé títẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí kò yẹ lè gbé àwòrán ogún ọdún lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, torí pé kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ń tún ṣe lọ́wọ́ kò ní lè gbà yín láyè láti kà á.

KÍ LÀ Ń PÈ NÍ ÌPÍN?

Hard disk dà bí ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀. Ilẹ̀ kan ni, ṣùgbọ́n a lè pín in fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, kí kálukú kọ́lé sórí tirẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ìpín dúró ni ìwé ààlà. Hard disk náà ní ìwé ààlà tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ disk. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìpín kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ó parí síbẹ̀ yẹn, irú báyìí ló sì jẹ́. Bí ìwé yẹn bá bàjẹ́, iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ oko ta ni mọ́. Ìyẹn ni àwọn oníṣẹ́ fi máa ń rí fáìlì kan gbà padà nígbà míì lẹ́yìn tí ìpín ti pa rẹ́, tí wọn ò bá tíì kọ nǹkan tuntun lé e lórí. Lórí SSD, ìyẹn disk ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, àǹfààní yẹn kéré gan-an, torí SSD máa ń gbá àyè tó bá ti ṣófo mọ́ fúnra rẹ̀.

Oríṣi ìwé ààlà méjì ló wà. Ti àtijọ́ ni MBR, tó bá DOS 2.0 dé sórí IBM PC ní 1983. Ìpín àgbà mẹ́rin péré ló gbà, kò sì lè lo disk tó bá ju terabyte 2 lọ tán. Ti ìsinsìnyí ni GPT. Windows lè ní ìpín 128 lórí rẹ̀, ó sì máa ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé ààlà náà sí ìparí disk, kí èyí tó wà níwájú má baà bàjẹ́ kó di ọ̀ràn. MBR máa ń bá BIOS àtijọ́ rìn, GPT máa ń bá UEFI rìn. BIOS àti UEFI yìí ni ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé.

Windows àti Linux, a lè pè wọ́n ní baálé. Ilé méjì lè wà lórí ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n nínú dual boot, baálé kan ṣoṣo ló ń jí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá sùn kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ìyẹn ló mú kí ó dára fún kọ̀ǹpútà àtijọ́: baálé tó jí ló ni gbogbo agbára ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà míì wà tí wọ́n ń pè ní virtual machine, níbi tí Linux ti ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lórí Windows. Ìyẹn kò nílò kí a pín nǹkan kan, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ní memory 4 GB á máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀.

KÍ NÌDÍ TÍ ÈÈYÀN Á FI FẸ́ MÉJÈÈJÌ?

Linux ni Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀dà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú ilé ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé jáde ní oṣù Kẹwàá 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni Ubuntu, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint náà wà, orí Ubuntu ni wọ́n sì gbé e kà. Ojú rẹ̀ jọ Windows tí àwọn àgbà ti mọ̀, kì í sì í dààmú ẹ̀rọ tó ti ń darúgbó.

Ọ̀pọ̀ ilé kò lè fi Windows sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ètò ìṣirò owó kan wà tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé owó ọdún mẹ́wàá ti wà nínú wọn. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti scanner kan náà kò gbọ́ èdè míì. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, Windows 10 tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́ kì í ṣe ibi tó yẹ kí èèyàn ti máa wọ inú àkáǹtì báńkì, tàbí kó máa fi owó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Microsoft ṣe ètò àfikún kan tí àwọn onílé lè forúkọ sí kí àtúnṣe ààbò lè máa bọ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, 2026. Ìyẹn kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Ètò tí mo ń bá àwọn èèyàn ṣe rèé: gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì, ìméèlì àti iṣẹ́ iléèwé ọmọ, Linux. Ètò ìṣirò owó àtijọ́, Windows, kí ẹ sì pa Wi-Fi kí ẹ tó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilé náà. Ní 2007, wọ́n ṣètò láti kó kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel 17,000 lọ sí iléèwé ní Nàìjíríà, kí Linux ti ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹwàá ọdún náà, François Bancilhon tó jẹ́ ọ̀gá Mandriva kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó ń ráhùn pé wọ́n fẹ́ yọ Linux kúrò kí wọ́n fi Windows rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ọjà. Kò pẹ́ sí i ni àjọ ìjọba tó ń náwó lé ètò náà lórí sọ pé Linux làwọn á dúró lé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá yan baálé fún kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ohun tí ọmọ á kọ́. Tí ẹ bá ní méjèèjì nílé, ọwọ́ yín ni ìpinnu wà.

ÀWỌN TÍ KÒ YẸ KÓ ṢE É

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ wà lára àwọn wọ̀nyí:

1. Tó bá jẹ́ laptop ibi iṣẹ́ ni. Kì í ṣe tiyín, ẹ má fọwọ́ kàn án.

2. Tó bá jẹ́ Mac tuntun. Láti oṣù Kọkànlá 2020 ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo chip tirẹ̀. Boot Camp, tó ń jẹ́ kí Windows wọ inú Mac láti 2006, kò sí lórí àwọn Mac yẹn.

3. Tó bá jẹ́ pé owó orí àwọn ẹlòmíì lẹ̀ ń bá wọn ṣe. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń gbowó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ètò ààbò tó wà ní àkọsílẹ̀. Windows tí kò gba àtúnṣe mọ́ kò bá ìyẹn lọ rárá. Ẹ ra ẹ̀rọ tuntun. Iṣẹ́ yín ló ń jẹ bẹ́ẹ̀.

4. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, tí ìwé owó orí tiyín gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹ ní sùúrù.

ÌMÚRASÍLẸ̀: ẸNI TÓ DA OMI SÍWÁJÚ

Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní 2004, màmá mi wá kí wa ní oṣù Kejìlá. Ìgbà kan ṣoṣo tó fojú rí yìnyín nìyẹn. A ya àwòrán rẹ̀ níwájú ilé, ó wọ ẹ̀wù òtútù ọkọ ìyàwó lé ìró àti bùbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ní kí n pín hard disk. Kọ̀ǹpútà bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì dá a lóhùn láìkà á tán. Gbogbo disk ló gbá mọ́. Màmá ti lọ nígbà náà. Àwòrán mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, torí pé àbúrò mi ní Ìbàdàn ti tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Kò sí ẹlòmíì tí mo lè dá lẹ́bi. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì.

Torí náà, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ méjì. Ọ̀kan lórí hard disk ìta, tí ẹ máa yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì níbòmíì, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ẹbí. Ẹ wá ṣí fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ẹ̀dà náà kí ẹ rí i pé ó ń ṣí. Ẹ̀dà tí ẹ kò bá dán wò, ẹ má kà á sí ẹ̀dà.

Tí ẹ bá ń rò ó pé kí lẹ máa kó, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí oníṣirò owó. Ìwé tó ti owó orí Amẹ́ríkà lẹ́yìn, ọdún 3 ni IRS sábà fẹ́ kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ó di ọdún 6 bí ẹni náà bá fi ohun tó ju ìdá mẹ́rin owó tó kéde lọ pamọ́, ó sì di ọdún 7 fún ẹni tó yọ gbèsè tí wọn ò san. Ẹni tó bá ní àkáǹtì ní Nàìjíríà tàbí ilẹ̀ míì, tí àpapọ̀ owó wọn ju $10,000 lọ nígbàkigbà nínú ọdún, tó sì ń kọ FBAR, ọdún 5 ni kó tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìwé ilé àti ilẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí ẹ fi máa tà á, kí ẹ sì ka ọdún 3 kún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti kéde títà náà. Àwòrán màmá, títí ayé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo BitLocker. Ètò yìí máa ń ti disk pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ó ti tì í tipẹ́ láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Ẹ wá a rí, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa BitLocker títí disk á fi ṣí tán. Ó lè gba wákàtí bíi mélòó kan. Ẹ má kánjú, ẹ má yọ iná.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. Ẹ di bọ́tìnnì Windows àti R mú pọ̀, ẹ tẹ msinfo32. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ BIOS Mode sí. Ó máa jẹ́ UEFI tàbí Legacy. Irú èyí tí Windows wà lórí rẹ̀ náà ni kí ẹ gbé Linux lé. Tí ọ̀kan bá wà lórí UEFI, tí èkejì wà lórí Legacy, wọn ò ní rí ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pa Fast Startup. Inú Control Panel ló wà, lábẹ́ Power Options. Tí kò bá sí ní pípa, Windows kì í sùn tán nígbà tí ẹ bá ní kó sùn. Ó máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí disk bí ẹni tó ń bọ̀ wá padà. Tí Linux bá wá kọ nǹkan sórí ìpín kan náà, ìjà nìyẹn.

ÌṢIRÒ ÀYÈ

Ẹ jẹ́ ká fi disk 500 GB ṣe àpẹẹrẹ. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé Windows á sọ pé 465 GB ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí yín lólè. Ẹni tó ṣe disk ń fi ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún kà, Windows ń fi 1,024 kà. Owó kan náà ni, àpò ló yàtọ̀.

Bí mo ṣe máa pín 465 GB yẹn:

Àwọn ìpín kékeré tí Windows ti dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, EFI àti Recovery: nǹkan bíi 1 GB. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.
Windows, C: 264 GB.
Ìpín àjọlò, níbi tí ìwé àti àwòrán máa wà: 100 GB.
Linux: 100 GB.
Àpapọ̀: 465 GB.

Ubuntu ní kí èèyàn ní àyè 25 GB ó kéré tán. Mo fún un ní 100 torí pé àyè tó bá há máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ìdí tí ìpín àjọlò fi wà ni pé Linux lè ka ilé Windows, tí wọ́n ń pè ní NTFS, ṣùgbọ́n Windows kò lè ka ilé Linux, ìyẹn ext4, fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi NTFS ṣe ìpín àjọlò, àwọn baálé méjèèjì á lè wọ ibẹ̀. Ó tún ní àǹfààní míì: tí Windows bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, tí ẹ ní láti gbé e kà lákọ̀tun, àwòrán yín kò sí nínú yàrá rẹ̀.

IṢẸ́ GAN-AN

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dín C kù láti inú Windows. Ẹ tún di Windows àti R mú, ẹ tẹ diskmgmt.msc. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ C, ẹ mú Shrink Volume. Megabyte ni wọ́n máa fi bi yín, kì í ṣe gigabyte. 200 GB jẹ́ 204,800. Tí Windows bá sọ pé òun ò lè yọ tó bẹ́ẹ̀, àwọn fáìlì kan tí kò ṣeé sún ló jókòó sí àárín. Ẹ pa hibernation àti System Restore ná, ẹ tan kọ̀ǹpútà lákọ̀tun, kí ẹ tún gbìyànjú. Windows ni kẹ́ ẹ fi dín ilé Windows kù. Òun ló mọ ibi tó kó ẹrù rẹ̀ sí.

Àyè tó ṣófo á jáde pẹ̀lú àmì dúdú, wọ́n á kọ Unallocated sí i. Ẹ dá ìpín àjọlò sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú New Simple Volume, 102,400 MB, NTFS, kí ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ tí kò ní ṣì yín lọ́nà. Tèmi ń jẹ́ AGBOLE. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣe flash. Ẹ gba Ubuntu tàbí Mint sílẹ̀ láti ojú ìwé àwọn tó ṣe é gan-an. Ẹ yan èyí tí wọ́n kọ LTS sí. Ti Ubuntu máa ń jáde ní oṣù Kẹrin lọ́dún méjì méjì, wọ́n sì máa ń fún un ní àtúnṣe fún ọdún 5. Ẹ wá flash tó tó 16 GB, tí kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀, ẹ lo Rufus tàbí balenaEtcher láti kọ ọ́ sórí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ yan disk. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti gbá hard disk ìta wọn mọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ ti flash bọ kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 (Dell àti Lenovo) tàbí F9 (HP), títí tí á fi bi yín pé ibo ni kó ti jí. Ẹ mú flash. Ubuntu á ṣí láìfọwọ́ kan disk yín rárá. Ẹ dán Wi-Fi wò, ohùn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà. Tí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́ níbí, kò ní déédéé ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìdánwò yìí, ẹ má fò ó.

Tí Ubuntu kò bá rí disk yín rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà wà lórí ètò Intel kan tí wọ́n ń pè ní RST. Ẹ má kàn yí i padà sí AHCI nínú UEFI, torí Windows lè kọ̀ láti jí. Ẹ wá ẹni tó ti ṣe é rí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e kalẹ̀. Nígbà tó bá bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kí Linux jókòó, ẹ máa rí ọ̀nà bíi mẹ́ta. Èyí tó ní Erase disk ni mo tẹ̀ ní 2006. Ẹ sá fún un. Èyí tó ní alongside á gbìyànjú láti pín in fún yín. Èmi a máa lo Manual, torí pé ojú mi ni mo fi ń rí ohun tí mò ń fọwọ́ sí. Ẹ yan free space yẹn nìkan, ẹ ní kó jẹ́ Ext4, kí ibùjókòó rẹ̀ jẹ́ àmì yìí: /. Ẹ jẹ́ kó lo ìpín EFI tó ti wà níbẹ̀, ẹ má ṣe tẹ Format sí i lára. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ àkójọ ohun tó fẹ́ ṣe síwájú yín. Ẹ kà á bí ẹni tó ń ka ìwé ilẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí orúkọ C tàbí AGBOLE bá wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ format, ẹ padà sẹ́yìn.

Ó lè gba ìdajì wákàtí. Tí ẹ bá tún un tàn, ojú dúdú kan tí wọ́n ń pè ní GRUB á jáde, á to orúkọ Ubuntu àti Windows, á sì dúró dè yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

OHUN TÓ SÁBÀ MÁA Ń ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Aago dàrú. Linux gbà pé aago inú ẹ̀rọ ń ka àkókò àgbáyé, ìyẹn UTC. Windows gbà pé àkókò ìlú ló ń kà. Nígbà òtútù, tó bá jẹ́ aago 7 alẹ́ ní Olympia Fields, Windows á sọ pé aago 1 òru ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á fi wákàtí 5 yà á. Ẹ ṣí Terminal nínú Linux, ẹ tẹ èyí lẹ́ẹ̀kan: timedatectl set-local-rtc 1

Windows kò sí nínú àkójọ GRUB. Nínú fáìlì /etc/default/grub, ẹ rí i dájú pé GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ sudo update-grub.

Linux kò lè kọ nǹkan sínú AGBOLE. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 4. Fast Startup ti jí padà, àwọn update ńlá Windows máa ń jí i nígbà míì.

Linux kọ̀ láti jí lẹ́yìn update Windows. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2024. Update ààbò kan láti Microsoft kan ẹ̀rọ oní-dual boot tí Linux inú wọn ti pẹ́, wọ́n sì ń rí ọ̀rọ̀ SBAT lójú kọ̀ǹpútà. Oṣù Karùn-ún 2025 ni àtúnṣe pátápátá tó dé. Fáìlì ẹnikẹ́ni kò sọnù. Àwọn tó tètè pa Secure Boot fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n ṣe update Linux, tí wọ́n sì tún tàn án, bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹ máa ṣe update fún baálé méjèèjì, kì í ṣe fún ẹyọ kan.

Yorùbá kíkọ. Nínú Ubuntu, ẹ lọ sí Settings, Keyboard, kí ẹ fi Yorùbá kún un lábẹ́ Nàìjíríà. Windows náà ní kíbọọ̀dù Yorùbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ìgbà tí ojú ìwé Yorùbá máa ń kún fún àpótí kéékèèké, ohun tó fà á ni pé ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Àmì méjì tí a tò lé ara wọn ni wọ́n, font kan sì lè má mọ̀ ọ́n tò. Kíbọọ̀dù tó dára pẹ̀lú font tó dára ti yanjú ìyẹn.

TÍ Ẹ BÁ FẸ́ YỌ LINUX KÚRÒ, TÀBÍ FI Ẹ̀RỌ RÁNṢẸ́ SÍLÉ

Lórí UEFI, ẹ kọ́kọ́ wọ inú ètò UEFI kí ẹ fi Windows Boot Manager ṣáájú. Ẹ wá padà sí diskmgmt.msc, ẹ pa ìpín Linux rẹ́, kí ẹ sì fi àyè náà kún ìpín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì.

Ọ̀rọ̀ dúróòmù wá ńkọ́? Pípa ìpín rẹ́ kì í ṣe pípa fáìlì rẹ́. Ìwé ààlà nìkan lẹ ya, iṣu ṣì wà nínú ilẹ̀. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti yunifásítì kan ní Canada ra hard disk àlòkù lọ́jà ní Ghana fún ètò tẹlifíṣọ̀n Frontline, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ ńlá kan pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà nínú ọ̀kan. Bí tàwọn yẹn bá lè débẹ̀, nọ́ńbà Social Security ti ìyá àti ọmọ náà á débẹ̀. Fún disk àtijọ́ tó ń yí, àṣẹ clean all nínú diskpart á kọ òdo sí gbogbo ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo nọ́ńbà disk náà lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sí ìpadàbọ̀. Fún SSD, ẹ lo ètò ìnùmọ́ tí ẹni tó ṣe é fi síta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé Linux lé e kí ó tó wọ dúróòmù. Ọmọ tó máa lò ó nílé kò ní máa wá Windows ayédèrú kiri.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹ ya ọ̀sán Sátidé kan sọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe é ní alẹ́ tí oorun ti ń kùn yín. Tó bá ku ohun kan tẹ́ ẹ máa rántí nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ìgbésẹ̀ 1. Ó dàbọ̀ o.